Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ló yẹ ká fi wọn títì

Ọjọ́bọ̀, lálẹ́

Lówùúrọ̀ yìí, mo bá màmá àgbàlagbà kan létí títì ní Station Road. Ẹ̀fọ́ kún ọpọ́n orí wọn, ọmọ ilé-ìwé kan sì di ìró wọn mú. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀dà, ọkadà á já láti apá òsì, wọ́n á tún fa ẹsẹ̀ padà. Ibi tí wọ́n dúró sí kò ju síláàbù gọ́tà kan lọ, ìdajì rẹ̀ sì ti wó sínú omi dúdú.

"Ẹ jẹ́ ká jọ sọdá, Màmá."

"Wọn ò ní dúró o, ọmọ mi. Àfi ká sáré."

Àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, tòun ti ẹrù lórí, ló ń sọ pé àfi ká sáré! Ó dùn mí wọra. Àtàárọ̀ ni mo ti ń rò ó pé irú wọn gan-an ló yẹ ká fi máa wọn títì Òṣogbo. Bí màmá yẹn bá lè sọdá wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sẹ́ni tí kò ní lè sọdá. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ṣe máa yára kọjá la máa ń kọ́kọ́ rò. Afárá Ọláìyá wúlò fún ọlọ́kọ̀, mi ò jiyàn. Abẹ́ rẹ̀ náà ni ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ti ń wá àlàfo láàárín kọ̀ròpé àti Màrúwá.

Àwọn kan á ní ká ṣe afárá fún ẹlẹ́sẹ̀. Ó dáa lójú ọ̀nà márosẹ̀. Láàárín ìlú, mi ò fara mọ́ ọn. Ta ló fẹ́ gbé ọpọ́n ẹ̀fọ́ gun gbogbo àtẹ̀gùn yẹn? Báwo ni ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ ṣe fẹ́ gùn ún? Ọkọ̀ ló yẹ kó dẹ eré.

Ọkọ̀ tó ń sá 50 kìlómítà láàárín wákàtí kan á ti rin nǹkan bíi mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó kan búrẹ́kì. Láàárín mítà 14 yẹn kan náà, èyí tó ń sá 30 á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró tán, bí ilẹ̀ bá gbẹ. Níbi tí ọ̀kan ti dúró, èkejì ṣì ń bọ̀ pẹ̀lú gbogbo eré rẹ̀. Àwa tí a ní ọmọ nílé ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

Pátákó tí wọ́n kọ 30 sí nìkan kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró. Títì tó bá fẹ̀ tó sì lọ geere, awakọ̀ á tẹ iná. Bí a bá fún ojú títì pọ̀ díẹ̀ níbi tí èèyàn ti ń sọdá, tí a gbé ibẹ̀ ga bí gegele, tí a sì fún etí ìkòríta pọ̀ kí ọkọ̀ má lè fi eré yà níbẹ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bíríkìlà kan tún kọjá lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, ó fi rọ́bà táyà so irinṣẹ́ mọ́ ẹ̀yìn. Họ́ọ̀nù ló lé e dé etí gọ́tà. Nígbà kan rí, gbajúmọ̀ ni ẹni tó bá ra Raleigh. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ti pọ̀ sí i ládùúgbò wa, àyè wọn kò sì pọ̀ sí i.

A máa ń rò pé bí wọ́n ṣe dá ilẹ̀ Netherlands ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ti wà níbẹ̀. Rárá o. Lọ́dún 1971, ọkọ̀ pa ju ọmọdé 400 lọ lójú títì wọn. Àwọn òbí ló tú jáde síta, wọ́n ní kí wọ́n yé pa ọmọ àwọn. Ìyẹn wà lára ohun tó yí títì wọn padà.

Àwa náà mọ bí ọkọ̀ ṣe ń yà fún ẹsẹ̀. Lóṣù Kẹjọ, bí Arugbá bá ti ààfin Àtáọ́ja jáde lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, ẹsẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń tẹ̀ lé e, ìlú ò sì bàjẹ́.

Bí a bá ń wá àyè fún ẹlẹ́sẹ̀, ẹ má ṣe lé àwọn ìyálọ́jà tó ń pàtẹ létí títì o! Ẹ ya àyè tiwọn sọ́tọ̀ fún wọn, kí ẹlẹ́sẹ̀ náà rí tirẹ̀.

Sátidé ni ìpàdé ẹgbẹ́ onílé wa. Síláàbù iwájú ilé-ìwé tó ti wó ni màá kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ká dáwó rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ká kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ fún gegele méjì: ọ̀kan níwájú géètì, ọ̀kan ní kọ́nà tí àwọn ọlọ́kadà ti máa ń yọ lójijì. Mo ti kọ lẹ́tà náà tán. Ó ku kí Bàbá Alága fọwọ́ sí i.