Kí ẹ tó gòkè lọ sí Jos

Àwọn tí a jọ wà ní Àbújá máa ń bi mí bóyá àwọn lè lọ wo Jos kí àwọn sì padà lọ́jọ́ kejì. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ lásán ni. Ìlú náà fi nǹkan bíi mítà 1,200 ga ju òkun lọ, gíga yìí ló sì ń pàṣẹ gbogbo nǹkan níbẹ̀: aṣọ tí ẹ máa wọ̀, wákàtí tí ẹ máa jáde, títí dórí bí ẹ̀wà ṣe máa pẹ́ tó lórí iná. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tajà níbẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ Yorùbá tó tẹ̀lé àwọn tó ń wa kùsà gòkè. Ìyá mi ṣì wà ńbẹ̀. Èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀ wá sí Kubwa ní Àbújá.

Àárọ̀ ni kí ẹ gbéra. Ọ̀nà Keffi àti Akwanga ni ẹ máa gbà, tí ẹ bá sì dé Hawan Kibo, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, etí yín lè dí. Ẹ gbé itọ́ mì, á ṣí. Mi ò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, nítorí kọ́nà pọ̀, tírélà tó rù kọjá agbára sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Agbègbè yẹn náà ni Assop wà, níbi tí omi ti ń dà wálẹ̀ lórí àpáta. Ẹ yà síbẹ̀. Tí ẹ bá tún sún síwájú, ẹ máa rí àpáta Riyom lẹ́bàá títì, òkúta ńláńlá tó gun orí ara wọn, tí ènìyàn á fi máa rò ó pé kí ló dì wọ́n mú.

Oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù. Òjò ti ń lọ, koríko ṣì tutù, omi Assop ṣì pọ̀, ojú ọ̀run sì mọ́. Tí ọyẹ́ bá ti dé, eruku á bo àwọn òkè, ẹ ò ní rí ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá. Ní àárín òjò, yìnyín lè bọ́ lójijì. Tó bá ti ń dún lórí páànù, ẹ má jáde.

Òtútù wá ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Lóru ọyẹ́, ó lè já wálẹ̀ dé ìwọ̀n 11 ti Celsius. Súwẹ́tà kan kò tó fún ọmọdé. Àbúrò mi ọkùnrin ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, òtútù àti òùngbẹ sì wà lára ohun tó máa ń ta ìrora náà jí. Tí a bá ń bọ̀ wá sílé, ìyá mi á pè mí láàárọ̀ kùtù: “Ṣé o ti kó ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sí i? Fún un lómi lójú ọ̀nà o, má dúró kó tó béèrè.” Tí ẹ bá ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS nínú ẹbí yín, ẹ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó mú un lọ, kí ẹ kó búláńkẹ́ẹ̀tì àti oògùn rẹ̀ dání, kí ẹ má sì jẹ́ kó bá yín gun òkè. Àwa tí ara wa le náà ń ṣàṣìṣe nípa omi mímu: afẹ́fẹ́ tutù, ènìyàn kì í làágùn púpọ̀, kò ní mọ̀ pé omi ti ń gbẹ lára òun. Oòrùn òkè sì ń jó awọ lábẹ́ atẹ́gùn tútù yẹn. Ẹ dé fìlà, ẹ fi òrí pa ètè.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ sinmi, ẹ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos, èyí tí Bernard Fagg, awalẹ̀pìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní 1952. Ẹ ní sùúrù níwájú àwọn ère amọ̀ Nok, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará àtijọ́, tí ọjọ́ orí wọn ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ. Àwọn tó ń wa kùsà ló ń hú wọn jáde. Orí kan tí wọ́n rí ní apá Jema'a ní 1943, inú oko iṣu ni wọ́n gbé e sí kó máa dẹ́rù ba ẹyẹ, kí Fagg tó rí i gbà. Inú ọgbà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ni wọ́n ti fi amọ̀ mọ àwòrán odi Kano àti mọ́ṣáláṣí Zaria.

Ọjọ́ kejì ni ti òkè Shere, ní ìlà-oòrùn ìlú. Ó lé ní mítà 1,800, nítorí náà mímí á le díẹ̀. Ẹ rìn pẹ̀lẹ́, ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, ẹ sì jẹ́ kí ọmọ àdúgbò ṣáájú yín. Jos ti rí wàhálà, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ bi onílé yín léèrè kí ẹ tó lọ sí abúlé èyíkéyìí, kí ẹ sì ti wọlé kí oòrùn tó wọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ máa dáná fúnra yín, ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú. Ní gíga yẹn, nǹkan bíi ìwọ̀n 96 ni omi ti ń hó, kì í dé 100, ẹ̀wà sì máa ń pẹ́ kó tó jinná. Mo sọ pé kí ẹ kúkú jẹ gwate acha gbígbóná, ìyẹn ọkà wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́, lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń sè é.

Ọjà Farin Gada ni kí ẹ ti ra ẹ̀fọ́, kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì nígbà tí ẹ bá ń padà. Sitirọ́bẹ́rì dùn gan-an nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n ooru ìsàlẹ̀ máa ń bà á jẹ́ kí ọkọ̀ tó dé Keffi, ẹ jẹ ẹ́ tán níbẹ̀. Pòtétò Bokkos àti Mangu ni kí ẹ kó wálé, ẹ má dì í sínú ọ̀rá.