Òdán kékeré lórí ògiri Igbó Ọ̀ṣun

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé láti ọdún 2005. Ìrókò àti àràbà ni ojú máa ń kọ́kọ́ lọ bá, ṣùgbọ́n òdán gan-an ló yẹ ká máa ṣọ́. Ẹyẹ ló ń jẹ èso rẹ̀. Ibi tó bá yàgbẹ́ sí lórí ògiri tàbí ère ni irúgbìn yóò ti hù. Gbòǹgbò tó rí bí òwú lónìí yóò ki orí bọ ibi tó sán, yóò máa sanra síbẹ̀ títí ògiri yóò fi là.

Ẹ fà á tu nígbà tó ṣì ní ewé méjì mẹ́ta, lẹ́yìn òjò. Ẹ má kàn gé orí rẹ̀, yóò tún rúwé. Bó bá ti wọlé jinlẹ̀, ẹ má fagbára fà á o, ògiri ni yóò bá a wá.

Ògiri amọ̀, amọ̀ ni kí ẹ fi dí ibi tó sán lára rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí omi inú ògiri ráyè jáde; amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á rà, sìmẹ́ǹtì á sì ṣí bọ́. Ti ère onísìmẹ́ǹtì yàtọ̀: bí omi bá kan irin inú rẹ̀, irin á dógùn-ún, á wú, á sì fọ́ ère láti inú wá.