Ta Ló Jẹ Gbèsè Ẹ̀rí?

Nígbà tí mo kúrò ní Iléṣà tí mo gba ọ̀nà Ìtagunmódì, mo rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa wúrà nínú kòtò kan tí kò sí igi tó gbé etí rẹ̀ ró, bẹ́ẹ̀ òjò sì ti rọ̀ mọ́jú. Mo bi bàbá kan tó dúró lẹ́nu kòtò náà bóyá àwọn aláyẹ̀wò máa ń yà sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n dá mi lóhùn pé, "Wọ́n ń wá. Ìwé ni wọ́n ń béèrè."

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí rán mi létí Piper Alpha, ibùdó kan tí wọ́n ti ń wa epo láàárín òkun ní Ìlú Ọba, èyí tó gbiná ní ọjọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 1988, tí ènìyàn 167 sì kú. Ìwé kò wọ́n níbẹ̀ rárá. Wọ́n ti yọ fáàfù ààbò kan kúrò lára ọ̀kan nínú ẹ̀rọ méjì láti tún un ṣe, wọ́n sì ti kọ ìwé lé e lórí, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ kò rí ìwé náà. Nígbà tí ẹ̀rọ kejì kọṣẹ́, èyí tí kò ní fáàfù ni wọ́n tàn, gáàsì sì tú jáde. Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn ibùdó méjì tó wà nítòsí, tí wọ́n ṣì ń ti epo àti gáàsì sínú páìpù tó so wọ́n pọ̀ mọ́ ibi tí iná ti ń jó, nítorí pé àwọn ọ̀gá wọn ń dúró de àṣẹ. Aláyẹ̀wò ìjọba sì ti dé Piper Alpha ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn gan-an.

Ìjábọ̀ Adájọ́ Cullen, ẹni tó ṣèwádìí ìjàǹbá náà, jáde ní ọdún 1990 pẹ̀lú ìmọ̀ràn 106. Tẹ́lẹ̀, ìjọba a máa to òfin lẹ́sẹẹsẹ, aláyẹ̀wò a sì máa wò ó bóyá wọ́n pa á mọ́. Láti ọdún 1992, ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ohun tó lè pa ènìyàn níbi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, àti ohun tí ó ti ṣe sí i. Bí ẹ̀rí náà kò bá tẹ́ ìjọba lọ́rùn, kò sí iṣẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí, òṣómàáló ni. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn kì í bá onígbèsè wá owó kiri. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ń lóṣòó sí títí yóò fi gbé e jáde.

Cullen tún ní kí wọ́n gba iṣẹ́ ààbò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń fẹ́ kí epo máa jáde. Amẹ́ríkà kò kọ́gbọ́n nínú ìyẹn: àjọ kan náà ló ń gba owó epo tó sì ń ṣàyẹ̀wò títí Deepwater Horizon, ibùdó epo wọn kan lórí òkun, fi bú gbàmù ní ọdún 2010. Nílẹ̀ wa, lábẹ́ òfin ìwakùsà ti ọdún 2007, mínísítà kan náà ni àwọn tó ń fúnni níwèé àṣẹ àti àwọn aláyẹ̀wò jọ wà lábẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, n kò ní mú ọ̀nà Cullen lọ sí Ìtagunmódì. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń fi àdó olóró fọ́ àpáta ni kí a lóṣòó tì. Ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì wa ilẹ̀ kò lè kọ ìwé rẹpẹtẹ. Òfin díẹ̀ tó ṣe kedere ló yẹ ẹ́, bíi pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́ abẹ́ ògiri kòtò wọlé, kí wọ́n má sì lọ òkúta wúrà nínú agboolé. Ní Zamfara ní ọdún 2010, lílọ̀ òkúta nínú ilé bẹ́ẹ̀ ló tú òjé sáàárín àwọn ọmọdé, ó sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn.

Bí mo bá tún gba ọ̀nà yẹn, ohun tí màá bi bàbá náà ni ibi tí kòtò wọn yóò ti kọ́kọ́ ya. Mo gbà pé wọn yóò nawọ́ sí i lójú ẹsẹ̀.