Owó ẹgbẹ́ di gbèsè lójú kọ̀ǹpútà

Lálẹ́ àná, nínú ṣọ́ọ̀bù wa ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀, mo parí títún ètò ìṣirò owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan kọ láti Python sí Java, èdè méjì tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Mo tẹ iye tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá wọlé ní kọ́bọ̀, àpapọ̀ rẹ̀ sì yẹ kó jẹ́ mílíọ̀nù 25 náírà, ìyẹn 2,500,000,000 kọ́bọ̀. Ohun tí mo rí ni -1,794,967,296. Àyà mi já. Màmá tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ jókòó tì mí, wọ́n na ìka sí àmì òdì náà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló jẹ gbèsè yìí?"

Int, ìyẹn irú àyè tí ètò fi ń tọ́jú nọ́ńbà odidi, ti Python máa ń fẹ̀ bí nọ́ńbà bá ṣe ń tóbi sí i, ṣùgbọ́n int ti Java kò lè kọjá 2,147,483,647. Bí àròpọ̀ bá ti ré kọjá ibẹ̀, ńṣe ni yóò yí padà sí òdì láìṣe ìkìlọ̀ kankan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, nítorí owó olówó ni. Mo fi long, tí àyè rẹ̀ tóbi ju ti int lọ ní Java, rọ́pò int, iye náà sì pé pérépéré.

Ṣáájú èyí, nextInt, àṣẹ Java tó ń ka nọ́ńbà tí a tẹ̀, ti fi àmì Enter sílẹ̀ láìkà, nextLine tó tẹ̀ lé e, tó yẹ kó ka ìlà orúkọ, sì gbé orúkọ òfìfo wá. Ìyẹn kò pẹ́ rárá kí n tó tún un ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí?