Gáàsì tó ń sá nínú ike erùpẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ wọn ìtànṣán inú erùpẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kánjú ni dídé ike tí erùpẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni èsì sì ti ń bàjẹ́.

Kò sí erùpẹ̀ tí kò ní uranium, thorium àti potassium. Ilẹ̀ orí akọ òkúta, bíi ti Ìdànrè, sábà máa ń ní tirẹ̀ lọ́pọ̀. Ẹ ha ewé àti gbòǹgbò kúrò, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ bù ú lójú ibi bíi márùn-ún, kí ẹ pò ó pọ̀. Ẹ sá a, kí ẹ tó gbé e sínú ófùn ní 105 sí 110°C títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Omi tó bá ṣẹ́kù máa kà mọ́ ìwúwo erùpẹ̀, èsì á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ gún un, kí ẹ fi asẹ́ onímìlímítà 2 jọ̀ ọ́.

Ẹ rọ nǹkan bíi gíráàmù 200 sínú ike, kó kún dé ẹnu, torí inú àlàfo òkè ni radon, gáàsì tó ń jáde lára radium (ohun tí uranium ń dà bó ṣe ń jẹrà), máa ń kóra jọ sí. Ẹ fi fasilíìnì pa etí ọmọrí, ẹ wé sẹ́lótéèpù mọ́ ọn yípo, ẹ gbé e tì fún ọjọ́ 28. Ìdí ni pé radium kọ́ ni ẹ̀rọ ń rí lójú góńgó (ibi tí ìlà orí àwòrán ẹ̀rọ ti ga sókè) tí à ń kà. Bismuth-214 tó ti ara rẹ̀ wá ni, radon sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọjọ́ 3.8 ni ìdajì radon fi ń tán, nítorí náà ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó bá radium dọ́gba. Ike tó ń jò á fún yín ní nọ́ńbà tó kéré, tó sì dán lójú, ẹnikẹ́ni ò ní fura.

Lórí ẹ̀rọ NaI (èyí tó ń fi kírísítálì sodium iodide ka ìtànṣán), ẹ lo góńgó 1764 keV (keV ni òdiwọ̀n agbára ìtànṣán) fún radium, 2614 fún thorium, 1460 fún potassium. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé 609, nítorí ẹ̀rọ yìí kò lè yà á dáadáa kúrò lára 583 ti thorium. Ẹ kà á fún wákàtí mẹ́wàá, ẹ ka ike òfìfo bákan náà, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí iná bá lọ tí yàrá gbóná, góńgó á rìn kúrò láyè rẹ̀. Ẹ wo ibi tí 1460 wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ẹ bá parí. Bó bá ti yẹ̀, ẹ tún un kà.

Ká ní radium jẹ́ 40 Bq/kg (Bq kan ni átọ́ọ̀mù kan tó ń fọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), thorium 60, potassium 700. Ẹ fi 1.43 sọ thorium di púpọ̀, ẹ fi 0.077 sọ potassium di púpọ̀, ẹ ro méjèèjì mọ́ radium, kí gbogbo rẹ̀ lè di òdiwọ̀n kan ṣoṣo: bíi 180 Bq/kg ni. 370 ni òdiwọ̀n tí wọ́n máa ń lò fún ohun ìkọ́lé. Ẹni tó ń lo ìdá kan nínú márùn-ún ọdún níta lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ á gba nǹkan bíi 0.1 mSv (òdiwọ̀n ìtànṣán tó wọ ara) lọ́dún. Ìyẹn kò tó ohun tí a ń torí ẹ̀ kó kúrò nílé.

Èyí tó yẹ kó ká wa lára ni gáàsì radon yẹn. Bó ṣe ń yọ lábẹ́ ọmọrí ike náà ló ń yọ gba ojú sìmẹ́ǹtì tó là wọ yàrá. Yàtọ̀ sí sìgá, ó wà lára olórí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ewu rẹ̀ sì le gan-an fún amusìgá. Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá pé kó má ju 100 Bq lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan. Ẹ dí ojú ibi tó là, pàápàá etí ògiri àti ibi tí páìpù gbà wọlé. Ilé tó ń ṣí fèrèsé tọ̀sán-tòru ti ń lé púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde. Yàrá tí wọ́n tì pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n.