Ìwọ gan-an ni mo wá

Àná lèmi àti màmá mi lọ gbàdúrà ní Ìkéjì-Arákejì, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ìtàn ibẹ̀ fún mi: bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ajíhìnrere ìjọ Kristi Àpọ́sítélì (CAC), ṣe ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ títì lọ́dún 1928, tí ẹ̀rọ náà kú lójijì, tí Olúwa sì pè é pé kó lọ wàásù. Ọmọ ọdún 24 ni. Iṣẹ́ ìjọba ló fi sílẹ̀ o! Nígbà tó di 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòye, n'Íléṣà.

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo sọ fún Ọlọ́run pé, "Bàbá, mi ò tọrọ owó lónìí, mi ò tọrọ físà. Ìwọ gan-an ni mo wá." Omijé gbà mí lójú. Màmá mi gbọ́wọ́ lé mi lẹ́yìn, ọwọ́ tí gàrí yíyan ti mú le koko, wọn ò sọ nǹkan kan.

Mi ò gbọ́ ohùn. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ló ń wá sí mi lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá ọmọbìnrin kan tó máa ń fìka tọ ìlà Bíbélì bó ṣe ń kà á, tó bá dé ibi tó le, á gbójú sókè wò mí. Ayọ̀ ńlá bò mí. Iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán mi rèé!

Ìtàn Sámúẹ́lì la máa kà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́.