Ọgbọ̀n Kọ̀ǹpútà Dé Etí Adágún Victoria

Ní nǹkan bí aago méje alẹ́ ọjọ́ Sátidé, lójú ọ̀nà tí ó gba Nakuru lọ sí Kericho ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí a háyà já, omi inú rédíétọ̀ hó, èéfín sì bo iwájú ọkọ̀ títí awakọ̀ fi rọra wọ́ ọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Àwa mẹ́fà ni a wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí awakọ̀, ọgbọ̀n kọ̀ǹpútà alágbèéká sì wà lẹ́yìn wa nínú páálí mẹ́wàá. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga púpọ̀, òtútù rẹ̀ sì ń wọ egungun, bẹ́ẹ̀ ìlà tó pín ayé sí méjì kò jìnnà sí ibẹ̀ rárá. N kò ní aṣọ òtútù lọ́wọ́, nítorí pé oòrùn nìkan ni gbogbo ènìyàn ń sọ fún mi kí n tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn lọ sí ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, kí ó fi súwẹ́tà sínú àpò tí yóò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe sínú ẹrù tí wọ́n dì sórí ọkọ̀.

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, mo sì máa ń rí i bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń kó kọ̀ǹpútà tí kò ní àrùn kankan dànù nítorí pé ó ti lo ọdún mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ ẹ̀yà Luo láti agbègbè Homa Bay létí Adágún Victoria, ló dá a lábàá pé kí a tọrọ díẹ̀ nínú wọn, kí a nu ohun tó wà nínú wọn kúrò, kí a sì kó wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí òun lọ ní kékeré. Mo gbà lójú ẹsẹ̀, àbúrò mi obìnrin ló sì fà á. Ní ọdún 2015, nígbà tí JAMB sọ ọ́ di dandan pé orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ yóò ti ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, àbúrò mi tó wà ní Ẹdẹ kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Ó mọ ìwé dáadáa. Ohun tí kò mọ̀ ni bí a ṣe ń padà sí ìbéèrè tí a ti fò kọjá, wákàtí sì tán mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tó ti ń wá bọ́tìnnì. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè gbọ́ pé àwọn ọmọ kan ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà lójú pátákó ìkọ̀wé kí ọkàn mi má gbọgbẹ́.

Ọkùnrin tó háyà ọkọ̀ fún wa ní Nairobi ló ba ọjọ́ wa àkọ́kọ́ jẹ́. A ti bá a ná an láti Lọ́ńdọ̀nù: ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún ṣílè Kẹ́ńyà, pẹ̀lú epo, ọkọ̀ oníjókòó mẹ́rìnlá tí ó dára. Ọkọ̀ tó gbé wá pàdé wa ní ìdájí kì í ṣe èyí tó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Táyà rẹ̀ ti jẹ, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kò sì ṣeé ṣí láti inú. Lẹ́yìn tí a ti kó gbogbo ẹrù sínú rẹ̀ tán ló wá sọ pé owó ènìyàn nìkan ni a bá òun sọ, pé páálí kọ̀ọ̀kan yóò san ẹgbẹ̀rún kan ṣílè lọ́tọ̀. Ó ti wo ojú wa, ó ti rí i pé ó rẹ̀ wá, ó sì mọ̀ pé a kò mọ ibòmíràn tí a lè lọ ní àkókò yẹn. A san ogójì ẹgbẹ̀rún. Ó tún fẹ́ kí a fi owó náà lé òun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kọ̀ jálẹ̀, ó fi M-Pesa san án. Láti ọdún 2007 tí M-Pesa ti dé ni àwọn ará Kẹ́ńyà ti ń fi fóònù san owó ohun gbogbo, dórí ẹ̀fọ́ lọ́jà, nítorí náà ẹni tó bá takú pé owó lọ́wọ́ lòun fẹ́ lọ́wọ́ àlejò ní ohun tó ń fi pamọ́. Àkọsílẹ̀ M-Pesa yẹn ni a fi gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún padà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó yá, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án tí a ti ń pè é.

Ní alẹ́ tí bẹ́líìtì já, a pè é títí, kò gbé e. Nígbà tó gbé e ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ohun tó sọ ni pé ilẹ̀ ti ṣú, kí a fara dà á di àárọ̀. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé ńlá tó ń lọ sí Uganda ń sáré kọjá lẹ́bàá wa, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ti ń kọjá ni ọkọ̀ wa ń mì. Awakọ̀ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dá mi lójú pé kò rí nǹkan gidi gbà nínú ogójì ẹgbẹ̀rún náà, ni kò fi wá sílẹ̀. Ó dá ọ̀kadà dúró, èyí tí wọ́n ń pè ní boda boda, ó sì gùn ún lọ sí Molo nínú òtútù yẹn láti lọ wá bẹ́líìtì.

Bí ó ti lọ tán ni òjò bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré onípáànù ní apá kejì títì ló gbé àtùpà jáde, tó sì ké sí wa. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni "Habari?" Ọ̀rẹ́ mi ṣàlàyé pé ìròyìn ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Swahili, pé ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, inú mi sì dùn láàrín wàhálà náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí làbárè tiwa, láti inú èdè Lárúbáwá ni àwọn méjèèjì ti wá. Ìyá náà ní kí a kó gbogbo páálí wọ inú ṣọ́ọ̀bù òun kí òjò má bàa bà wọ́n jẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì gbé méjì. Ó po tíì tó kún fún mílíìkì àti ṣúgà, ó dín chapati gbígbóná, ó sì bu ẹ̀wà sí i. Ọgọ́rin ṣílè péré ló gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, iye kan náà tó gbà lọ́wọ́ awakọ̀ àjàgbé tó wọlé lẹ́yìn wa. Mo ti jẹun ní ilé oúnjẹ olówó ńlá ní Nairobi lẹ́yìn ìgbà náà, n kò rí èyí tó dà bí ẹ̀wà yẹn. Aago kan òru kọjá kí a tó kúrò níbẹ̀, oko tíì Kericho tí gbogbo ènìyàn ń yìn sì kọjá lára wa nínú òkùnkùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí yàrá kan fún wa níbi tí a ó kó àwọn kọ̀ǹpútà sí. Nígbà tí mo wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ lẹ́nu mi. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì méjìlá wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, eruku pupa ti bò wọ́n mọ́lẹ̀, eku sì ti jẹ wáyà àwọn kan. Àwọn àlejò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti kó wọn wá ṣáájú wa. Wọ́n kó wọn dé, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ, wọ́n lọ, ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń ṣí wọn sì bá wọn lọ. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó wà ní igun yàrá ni tábúlẹ́ẹ̀tì ìjọba wà. Àgbájọ òṣèlú Jubilee ló ṣèlérí ní ọdún 2013 pé gbogbo ọmọ tó bá wọ kíláàsì kìn-ín-ní yóò gba kọ̀ǹpútà alágbèéká; nígbà tó di ọdún 2016, tábúlẹ́ẹ̀tì ló bẹ̀rẹ̀ sí í dé, Yunifásítì Moi àti Yunifásítì Jomo Kenyatta sì wà lára àwọn tó tò wọ́n. Wọ́n fa iná mànàmáná dé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nítorí rẹ̀, iṣẹ́ tó dára gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, bátìrì wọn ti kú, ẹ̀rù olè sì mú kí wọ́n ti kọ́bọ́ọ̀dù náà pa. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kan náà sì ni ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí Kẹ́ńyà bẹ̀rẹ̀ sí í lò káàkiri ní ọdún 2019 ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ayélujára mọ́ ohun méje tí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lò. Inú mi bàjẹ́ níbẹ̀ ju ti alẹ́ ọ̀nà Kericho lọ.

Àwa náà kò sì mọ́. Nígbà tí a tú páálí wa, mẹ́rin nínú ọgbọ̀n náà ló béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ilé-iṣẹ́ tí a ti gbà wọ́n kí wọ́n tó lè tàn, ṣájà mẹ́fà kò sì bá ẹ̀rọ tí a dì wọ́n mọ́ mu. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, nítorí pé èmi ni mo sọ pé mo ti yẹ gbogbo wọn wò, bẹ́ẹ̀ ogún péré ni mo tàn wò kí ọjọ́ ìrìnàjò tó pé. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ tan ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì fi rọ́bà so ṣájà rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má dààmú nípa sọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bíi ti Nàìjíríà àti Bìrìtìkó ni tiwọn. Kó gbogbo ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ lò sínú ẹ̀rọ láti ilé, torí pé owó dátà tí a fi gba ohun díẹ̀ tí a gbàgbé tó owó oúnjẹ wa fún ọjọ́ méjì.

Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni tíṣà sáyẹ́ǹsì kíláàsì keje, obìnrin kan tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tí ọ̀gá ń kí wa káàbọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé náà ló wá bá mi níbi tí mo ti ń nu kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, ó ní, "Madam, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí inú rẹ̀ kí n rí i." Mo ṣí i. Mo fi ohun tí ń jẹ́ mẹ́mórì hàn án, mo fi ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà hàn án, mo sì yọ mẹ́mórì kan jáde, mo dá a padà. Ó gba tọ́nafíìsì lọ́wọ́ mi. Ó ṣí ẹ̀kejì fúnra rẹ̀. Títí di alẹ́ ọjọ́ kejì, nípa yíyọ ara òkú fi wo aláìsàn sàn, a ti rí márùn-ún tó ń ṣiṣẹ́ nínú méjìlá náà, òun ló sì tún mẹ́ta ṣe. Ó sọ fún mi nípa Peter Tabichi, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ Keriko ní agbègbè Nakuru, tó gba ẹ̀bùn olùkọ́ tó peregedé jù lọ lágbàáyé ní ọdún 2019, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí ọmọ méjìdínlọ́gọ́ta sì ń kọjú sí olùkọ́ kan. Ó ní láti ìgbà tí òun ti gbọ́ ìtàn náà ni òun ti ń dúró de ẹyọ kan péré tí ẹnikẹ́ni kò ní tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ilé rẹ̀ ni mo ti jẹ omena, ẹja wẹ́wẹ́ inú adágún, pẹ̀lú ugali tó le ju àmàlà lọ, tí a fi ọwọ́ mọ rìbìtì kí a tó fi kó ọbẹ̀.

Ní ọjọ́rú ni àwọn ọmọ wọlé, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, méjì tàbí mẹ́ta nídìí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. A ti gbé Kolibri, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, sórí ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí àwọn yòókù lè máa gba fídíò, ìwé àti ìdánwò láti ara rẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kí oníkálùkù tẹ orúkọ rẹ̀. Akinyi mẹ́ta ló wà níbẹ̀, nítorí pé àwọn Luo máa ń sọ ọmọ wọn ní orúkọ àkókò tí wọ́n bí i, Akinyi sì ni ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní òwúrọ̀. Gbogbo ìgbà ni mo ń gbọ́ "mwalimu, mwalimu" láti ibi gbogbo nínú yàrá náà, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí olùkọ́, tó sì jẹ́ ìbátan mùálíìmù tiwa, inú mi sì ń dùn sí i ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Iná lọ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Márùn-ún orí tábìlì kú, àwọn alágbèéká ń bá iṣẹ́ lọ lórí bátìrì wọn, tíṣà náà sì kó àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ sídìí àwọn yòókù láìwo ojú mi. Ọmọbìnrin kan ń wo fídíò bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ó gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá yíjú sí èkejì rẹ̀ ó ní, "Ó ń ṣe é báyìí."

A lo ọjọ́ mẹ́rin sí i. Èmi kò kọ́ àwọn ọmọ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́rú; àwọn tíṣà márùn-ún ni mo jókòó tì, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà wà nínú ìwé àjákọ kan lọ́wọ́ tíṣà sáyẹ́ǹsì, ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá.

Lẹ́yìn oṣù méjì, tíṣà sáyẹ́ǹsì náà kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp pé mẹ́rìnlélógún nínú alágbèéká mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ṣì ń ṣiṣẹ́, pé bátìrì àwọn méjì yòókù ló kú. Ó ya nọ́mbà tó wà lẹ́yìn wọn ní fọ́tò, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n má bàa ṣì í kà. Mo ti rí méjèèjì rà. Ọ̀rẹ́ mi ń lọ sílé ní oṣù Kejìlá, inú báàgì tí yóò gbé wọ bàálù ni yóò kó wọn sí, nítorí pé wọn kì í gba bátìrì tí kò sí nínú ẹ̀rọ láàrín ẹrù abẹ́ bàálù. Mo tún fi ṣájà mẹ́fà sí i, mo sì ti fi rọ́bà so orúkọ ẹ̀rọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.